ÌYÁ ỌLỌ́MỌ YỌYỌ NÍ KÚDẸTÌ: ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ ANNA HINDERER (1827–1870)

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú yín gbà wá yìí, ọ̀nà Abẹ́òkúta ni. Lónìí, mọ́tò àti ọ̀kadà ló kún un, nígbà mìíràn ariwo wọn kì í jẹ́ ká gbọ́ ìwàásù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1853, nígbà tí kò sí ọ̀dà, tí kò sí rélùwéè, láti ìhà Abẹ́òkúta yìí náà ni tọkọtaya kan ti gbé ìhìn rere wọ Ìbàdàn. Ọkọ ń jẹ́ David Hinderer, ìyàwó ń jẹ́ Anna. Ìtàn ìyàwó yìí ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan àwa Aládùúrà nínú ìtàn òyìnbó CMS. Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn wa ni pé nítorí àìsàn ni. Àìsàn bá obìnrin yìí láti kékeré, ó bá a dé ilé ọkọ, àìsàn náà ló sì gbé e lọ ní ẹni ọdún 43. Síbẹ̀ àdúrà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni igbe ọmọ kò tán nínú ilé rẹ̀. Níbi tí a ti ń gbàdúrà fún aláìsàn lójoojúmọ́ bí ilé àdúrà wa yìí, ó yẹ kí á mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, kí á sì mú ọgbọ́n níbẹ̀.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ní ọjọ́ 19 oṣù March, ọdún 1827, ni a bí Anna Martin ní abúlé Hempnall, ní agbègbè Norfolk, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni Norfolk. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ní òkè bí i ti Ìbàdàn wa yìí. Òkun Àríwá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù tó ń ti orí òkun náà bọ̀ kì í sì í rí ohun tí yóò dí i lọ́nà. Bí ìgbà òtútù bá dé, òjò dídì tí à ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì a máa bo oko àti òrùlé, ẹni tí kò rí i rí á rò pé òwú ni wọ́n tú dà sílẹ̀. Inú ilé ni tẹbí tará máa ń wà ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, wọn á jókòó yí iná ká. Bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn nínú ilé, gbogbo ilé ló ń bá a ṣe é, nítorí kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè yà sí.

Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Anna ti kọ́kọ́ mọ ohun tí àìsàn jẹ́. Ara ìyá rẹ̀ kò le, Anna kò sì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ tí ìyá náà fi kú. Ẹ̀yin tí ìyá yín fi sílẹ̀ ní kékeré, a kò ní láti ṣàlàyé ohun tí ìyẹn jẹ́ fún yín. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò lágbára púpọ̀. Ní ọdún 1839, nítorí ìlera rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ìlú Lowestoft létí òkun, lọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ kan tó jẹ́ obìnrin.

Lowestoft yìí ni Ọlọ́run ti pèsè ìyá mìíràn fún un. Àlùfáà ìlú náà ni Francis Cunningham, ìyàwó rẹ̀ sì ń jẹ́ Richenda. Àbúrò ni Richenda yìí jẹ́ sí Elizabeth Fry, obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí bí ó ṣe ń lọ bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, tó ń ka Bíbélì fún wọn, tó sì ń jà kí wọ́n má ṣe fi ìyà jẹ wọ́n bí ẹranko. Ẹ rí i pé inú ilé àwọn aláàánú ni ọmọ aláìníyàá yìí bọ́ sí.

Ó wu Anna láti máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ, nítorí òun gan-an kò tíì kúrò lọ́mọdé. Nígbà tó ṣe, ó mọ́kàn le, ó lọ bá ìyàwó àlùfáà, wọ́n sì gbà fún un. Àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù, àwọn ọmọ alákìísà tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí, ni ọkàn rẹ̀ fà mọ́ jù. Nígbà tó yá, ó kó wọ inú ilé àlùfáà, ó di bí ọmọ nínú ilé náà. Láti ìgbà èwe yìí ni ó ti ń rò ó pé òun yóò jẹ́ ajíhìnrere ní ilẹ̀ òkèèrè. Tí ẹ bá rí ọmọbìnrin aláìlera kan tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín lẹ máa rín, àbí? Ṣùgbọ́n ẹni tí Olúwa bá yàn, kì í wo bí egungun rẹ̀ ṣe tóbi tó.

ÌGBÉYÀWÓ ÀTI ÌRÌN ÀJÒ SÍ ILẸ̀ YORÙBÁ

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni David Hinderer, láti agbègbè Württemberg, níbi tí òtútù àti òjò dídì ti tún ju ti Norfolk lọ. Ó di òṣìṣẹ́ CMS, wọ́n sì rán an wá sí Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1851, ó gba ọ̀nà Ìbàdàn wá, ó lo oṣù mélòó kan níbẹ̀, ó bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé kí ó padà wá máa gbé láàárín wọn. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà, ìlú tí ẹrù rẹ̀ ń ba àwọn tó yí i ká. Ṣùgbọ́n ọkàn Hinderer ti dúró síbẹ̀.

Ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá olùrànlọ́wọ́, ibẹ̀ ni ó ti pàdé Anna. Ní ọjọ́ 14 oṣù October, ọdún 1852, ni wọ́n gbéyàwó. Kí oṣù méjì tó pé, nínú oṣù December, wọ́n ti wà lórí òkun. Oṣù January 1853 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó.

Ní ayé ìgbà yẹn, ibojì òyìnbó ni wọ́n ń pe etíkun wa. Òyìnbó a dé lónìí, kó tó di oṣù kẹta, wọ́n ti sin ín. Ibà ló ń pa wọ́n. Wọn kò tilẹ̀ mọ ibi tí ibà ti ń wá. Ohun tí wọ́n rò ni pé èéfín tó ń ti inú ẹrọ̀fọ̀ jáde lóru ló ń fa á. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí i ní ilẹ̀ Íńdíà pé ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò ibà kiri, nígbà náà Anna ti kú láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nítorí náà, ohun tí ojú kò rí ni wọ́n ń bá jà.

Ibà kò jẹ́ kí ìyàwó tuntun yìí sinmi rárá. Kò tíì pẹ́ tó dé tí ó fi kọ́kọ́ dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi gba odò Ògùn dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ náà ni àìsàn ti tún dá tọkọtaya náà dúró. Ẹlòmíràn á ti ní kí á padà sílé. Wọn kò padà. Ní ọjọ́ 30 oṣù April, ọdún 1853, wọ́n wọ Ìbàdàn, ní ayé Baálẹ̀ Olúgbóde. Obìnrin òyìnbó kò tíì wọ ìlú náà rí. Ọmọdé àti àgbà ló tú jáde wá wò ó, tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé e, tí wọ́n ń kí i, tí wọ́n ń fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀.

ÌYÁ TÍ KÒ BÍMỌ, ÌYÁ ỌLỌ́MỌ PÚPỌ̀

Ní Kúdẹtì ni wọ́n ti fún wọn nílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé inú ilé alámọ̀ olórùlé koríko, kí wọ́n tó kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ ní ọdún 1854. Dáníẹ́lì Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti gba Jésù gbọ́, bá wọn wá láti Abẹ́òkúta, ó sì dúró tì wọ́n bí ọmọ bàbá kan náà.

Tọkọtaya Hinderer kò bímọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó ní ilẹ̀ wa. Obìnrin tí kò bímọ, ojú wo ni wọ́n fi ń wò ó? Ẹnu mélòó ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Anna ṣe. Kò jókòó máa sọkún. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Olúnlóyọ̀ ló fa ọmọ rẹ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́, Yéjídé tó jẹ́ obìnrin àti Akínyẹlé tó jẹ́ ọkùnrin, pé kí wọ́n kọ́ wọn ní ìwé. Àwọn méjì yìí ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, òmíràn dé, òmíràn tún dé. Ọmọ tí òbí rẹ̀ fẹ́ kó kàwé ń bọ̀, ọmọ tí ogun kó lẹ́rú tí wọ́n rà padà ń bọ̀, ọmọ aláìníyàá, aláìníbaba ń bọ̀. Kò pẹ́ tí ilé fi kún. Ìyá ni gbogbo wọn ń pè é, Ìyá náà ni àwọn aládùúgbò ń pè é.

Láàárọ̀, wọn á kó ara wọn jọ fún àdúrà. Lẹ́yìn náà ni ìwé kíkà, kíkọ, àti aṣọ rírán fún àwọn obìnrin. Nírọ̀lẹ́, orin. Anna ní dùùrù kan, bó bá sì ti jókòó ti í, ẹnu ọ̀nà á kún fún àwọn tó wá gbọ́ ohùn tí wọn kò gbọ́ rí. Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Akọrin wa, ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni orin ti ń ṣe iṣẹ́ ìwàásù ní Ìbàdàn. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ Bíbélì á dúró gbọ́ orin, bó bá sì ti dúró tán, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run á bá a níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò lọ geerege ṣá o. Àwọn tó kọ́kọ́ gba Kristi gbọ́ jìyà lọ́wọ́ ará ilé wọn. A nà wọ́n, a tì wọ́n mọ́lé, a gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Irú ìyà tí àwọn baba wa nínú ìjọ Aládùúrà tún padà jẹ ní àádọ́rin, ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ni.

NÍGBÀ TÍ ÀÌSÀN BÁ ILÉ NÁÀ GBÉ

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ibà kò fi ilé Kúdẹtì sílẹ̀. Bí ó bá fi ọkọ sílẹ̀, ó di orí ìyàwó. Bí ìyàwó bá dìde, ọkọ á dùbúlẹ̀. Nígbà mìíràn àwọn méjèèjì á wà lórí ẹní lẹ́ẹ̀kan náà. Ibà pọ́njú kọ lu David débi tí wọ́n fi rò pé ó ti tán. Àwọn òyìnbó mìíràn tí wọ́n rán wá ràn wọ́n lọ́wọ́ kú, wọ́n sì sin wọ́n. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: kí ènìyàn máa retí olùrànlọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó dé, kí inú gbogbo ilé dùn, kó má sì pẹ́ kí á máa gbẹ́ ilẹ̀ fún un.

Ta ló ń tọ́jú wọn? Àwọn náà ló ń tọ́jú ara wọn. Anna á fi omi tútù nu orí ọkọ rẹ̀, á ṣọ́ ọ mọ́jú, bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún lọ bá àwọn ọmọ. Bó bá kan Anna, ọkọ rẹ̀ àti Olúbí á gbà á ṣe. Àwọn ọmọ náà, tó jẹ́ pé òun ló kọ́ wọn ní àdúrà, ti wá mọ bí a ṣe ń gbàdúrà fún Ìyá. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ló jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ọmọ tó bá rí i bí àgbà ṣe ń ṣàìsàn láìbú Ọlọ́run, láìbú ènìyàn, ó ti kọ́ ohun tí ìwé kò lè kọ́ ọ.

Wọ́n lo kuníìnì tí ó wà ní ìgbà náà, wọ́n sì gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ oògùn, àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ kò fi ẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan kò fọwọ́ kàn án rárá, àwọn mìíràn sì rí i bí ẹ̀bùn Ọlọ́run. A kò torí ìyẹn kọ ìtàn yìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé àdúrà wà níbẹ̀ lọ́sàn-án lóru, síbẹ̀ ara Anna kò dá. Ó á sàn díẹ̀, á dìde, á ṣiṣẹ́, á tún ṣubú. Ní ọdún 1856, ó di dandan kí wọ́n padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sinmi. Ọ̀pọ̀ ló rò pé wọn kò ní padà wá mọ́. Ní ọdún 1858, wọ́n ti tún wà ní Kúdẹtì.

OGUN ÌJÀYÈ ÀTI ỌDÚN EBI

Ọba Àtìbà Aláàfin wàjà ní ọdún 1859, ọmọ rẹ̀ Adélù jẹ ọba tẹ̀lé e. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, ní òun kò gbà, nítorí kì í ṣe àṣà pé kí Àrẹ̀mọ jẹ ọba tẹ̀lé bàbá rẹ̀. Ìbàdàn ní àfi kó gbà. Báyìí ni ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú náà sì dí ọ̀nà. Ọ̀nà Abẹ́òkúta tí à ń wò yìí pa dé. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ṣùgbọ́n ogun kò tán, ọ̀nà kò sì là.

Gbogbo ohun tí àwọn Hinderer fi ń jẹ, tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ, láti Èkó ló ti ń wá. Wàyí o, lẹ́tà kò wọlé bó ṣe yẹ, owó ẹyọ kò wọlé, aṣọ kò wọlé, kuníìnì kò wọlé. David fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu lẹ́ẹ̀kan, ó gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó, ó sì padà wá, àwọn kan ṣọ́nà láti pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n há mọ́lé.

Ebi wọ ilé Kúdẹtì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun èlò ilé, wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta àwo, títí dé orí agolo òfìfo, kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra iṣu àti ẹ̀wà fún àwọn ọmọ. Obìnrin tí ara rẹ̀ kò le láti ilẹ̀ wá ló ń fi ẹ̀wà àti epo pupa sùn yìí. Ṣùgbọ́n kò lé ọmọ kankan lọ. Kò sọ pé kí olúkúlùkù wá ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Ohun tó wà ni wọ́n jọ ń pín jẹ, bó bá sì kéré, àdúrà kò kéré.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ará Ìbàdàn. Àwọn aládùúgbò tí wọn kì í ṣe Onígbàgbọ́ gbé oúnjẹ wá fún wọn, àwọn mìíràn tà wọ́n láwìn láìmọ ìgbà tí wọn yóò san án. Àwọn tí Anna wá gbà là ló wá gbà á lọ́wọ́ ebi. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run wa ṣe ń ṣe.

Ní àsìkò ìhámọ́ yìí kan náà ni David jókòó, tó ń tú ìwé Bunyan sí èdè Yorùbá, èyí tí àwọn àgbà wa mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò rí ọ̀nà rìn, ọwọ́ ń kọ nípa ìrìn àjò ọ̀run. Òun ń kọ̀wé, ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú ọmọ, ibà ń wọlé, ibà ń jáde.

Ní oṣù March 1865, Glover, gómìnà Èkó, lé àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú. Nínú oṣù April, ó rán Ọ̀gágun Maxwell àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ojú ọ̀nà igbó lọ sí Ìbàdàn láti lọ gbé àwọn Hinderer jáde. Wọ́n dé lójijì. David kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ara Anna kò gba ìdúró mọ́. Wọ́n so aṣọ mọ́ ọ̀pá, wọ́n gbé e sínú rẹ̀, àwọn ọkùnrin gbé e lé èjìká, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n. Àwọn ọmọ sọkún tẹ̀lé e. Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn títí ó fi tó àkókò tí ó lè fa iṣẹ́ lé Olúbí lọ́wọ́, kó tó lọ bá a.

ÌGBÀ ÌKẸYÌN

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Rárá o. Ní ìparí ọdún 1866, obìnrin yìí tún wọkọ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1867 ó tún wà ní Kúdẹtì. Àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ ti di ọ̀dọ́, àwọn kan ti ń ṣègbéyàwó. Ní ọdún kan náà ni wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n fọ́ ilé ìjọsìn wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé. Ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ tún dí. Anna ṣe ọdún méjì sí i. Ní ọdún 1869, òun àti ọkọ rẹ̀ rí i pé kò sí agbára mọ́. Wọ́n fi ìjọ lé Olúbí lọ́wọ́, wọ́n sì dágbére fún Ìbàdàn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ti lọ láti ìgbà tí Anna ti kọ́kọ́ fi ilé sílẹ̀.

Agbègbè Norfolk tí wọ́n ti bí i ni ó padà sí. Ọkọ rẹ̀ gba iṣẹ́ àlùfáà ní abúlé Martham, ìlú kékeré tí kò jìnnà sí òkun. Ìgbà òtútù tún dé bá a níbẹ̀, òtútù tí ara tó ti mọ oòrùn Ìbàdàn kò gbà mọ́. Ẹ fojú inú wò ó: ilé àlùfáà ní abúlé, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ níta, iná ń jó nínú ilé, aláìsàn jókòó tì í, ọkọ rẹ̀ tí òun náà kò lera jókòó tì í. Kò sí igbe ọmọ, kò sí ẹni tó ń pe Ìyá láti ẹnu ọ̀nà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ti Anna yàtọ̀, ẹ̀yìn odi ni ó fi ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ sí.

Síbẹ̀ kò káwọ́ gbera. Bí ara bá gbé e díẹ̀, ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìní inú abúlé, ó ń kó àwọn ìyá ọlọ́mọ jọ, ó ń bẹ àwọn aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 6 oṣù June, ọdún 1870, ó sùn nínú Olúwa. Ibẹ̀ ní Martham ni wọ́n sin ín sí. Ní ọdún 1872 ni wọ́n kó àwọn lẹ́tà àti ìwé ìrántí rẹ̀ jọ, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé, láti inú rẹ̀ ni ayé sì ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí a sọ yìí.

ÈSO IṢẸ́ RẸ̀

Bí ẹ bá dé Kúdẹtì lónìí, ẹ óò rí ṣọ́ọ̀ṣì St. David. Bí ẹ bá dé Mọ́lété, ẹ óò rí St. Anne's, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi orúkọ Anna sọ. Olúbí di àlùfáà, ó bójú tó ìjọ Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi kú ní 1912.

Fún àwa Aládùúrà, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ilé sí i. Josiah Akínyẹlé wà lára àwọn Onígbàgbọ́ ìṣáájú ní Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀ kan, Alexander, di Bíṣọ́ọ̀bù. Òun ló dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913. Ọmọ rẹ̀ kejì, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ló kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn, ó wà lára àwọn àgbà tó gbé iṣẹ́ àdúrà ró ní ìlú yìí, ó di Ààrẹ ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, ó sì jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 dé, tí àwọn ará kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà, tí àdúrà sì wá tàn kálẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ìhìn rere nírú ilé bí i ti Kúdẹtì ló pọ̀ nínú wọn. Bíbélì tí à ń kà lórí òkè àdúrà, ẹnì kan ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn baba wa ní A, B, D rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ̀yin ará, àṣìṣe kan wà láàárín wa tí ó yẹ kí á jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ àjọ̀dún. Bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn nínú ìjọ, ọ̀sẹ̀ kìíní, gbogbo wa á lọ. A ó gbé omi àdúrà lọ, a ó tan àbẹ́là, a ó pariwo Halelúyà. Ọ̀sẹ̀ kejì, a ó dín kù. Bó bá di oṣù kẹta tí kò dìde, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kò nígbàgbọ́, pé ó ní láti jẹ́ pé ó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ pa mọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kún àìsàn aláìsàn. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe irú rẹ̀, Ọlọ́run kò sì yìn wọ́n.

Ta ni nínú wa tó lè sọ pé Anna Hinderer kò nígbàgbọ́? Ẹni tó tún wọkọ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì sí ibi tí ibà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á? A gbà pé Olúwa ń wonisàn. Bí a kò bá gbà á, kí la ń ṣe níbí? Ojú wa ti rí i, ẹ̀rí sì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gbàdúrà fún tí kò dìde, ọmọ Ọlọ́run náà ni, iṣẹ́ ṣì wà fún un. Láti orí ẹní àìsàn, Anna tọ́ ọmọ, ọmọ náà tọ́ ìlú.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń retí ọmọ, ẹ má sọ̀rètí nù, àdúrà yín ń gòkè. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń retí, ẹ wo àyíká yín, ọmọ tí kò ní ìyá wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ tí ìyàwó yín kò lera, ẹ ṣe bí David, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Aláàánú àti gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin, bí ẹ bá tún ń lọ sílé aláìsàn, ẹ mú àdúrà lọ, kí ẹ sì mú oúnjẹ dání. Ẹ fọ aṣọ. Ẹ jókòó ti aláìsàn kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ láti àná lè rí oorun díẹ̀ sùn. Ìyẹn náà, àdúrà ni.

Orí àpáta ni Jésù ní kí ọlọ́gbọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sí. Òjò rọ̀, ìkún omi dé, afẹ́fẹ́ fẹ́ lu ilé náà, kò wó. Jésù kò sọ pé òjò kò rọ̀. Òjò rọ̀ lórí ilé Anna, òjò ibà ní Ìbàdàn, òjò dídì ní Martham. Ilé náà kò wó.

Kí Ọlọ́run àwọn baba wa fi ìwòsàn bẹ gbogbo aláìsàn inú ìjọ wa àti ìjọ yín wò. Ẹni tí ìdáhùn tirẹ̀ bá pẹ́, kí Olúwa má jẹ́ kó dá nìkan wà. Kí Ó sì jẹ́ kí á tún rí ara wa ní àjọ̀dún tó ń bọ̀ nínú àlàáfíà, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa.

Àmín, àṣẹ.